Ọwọ́ Ọmọdé Kì Í Sinmi: Ìtàn Ẹ̀kọ́ Àfọwọ́ṣe ní Ilé-Ẹ̀kọ́ Jẹ́lé-ó-sinmi

Nínú ìwé ọdọọdún wa, ọ̀rọ̀ ọ̀nà, ọ̀rọ̀ omi àti ọ̀rọ̀ gbọ̀ngàn ìlú ni ó sábà máa ń gba iwájú, ó sì yẹ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ní ọdún yìí, a fẹ́ fi àyè díẹ̀ sílẹ̀ fún àwọn ọmọ ìlú tí ó kéré jù lọ, àwọn tí wọn kò tíì pé ọmọ ọdún 6, tí wọn kò lè wá sí ìpàdé, tí wọn kò sì lè nawọ́ sókè láti sọ tẹnu wọn. Ìtàn ni a fẹ́ sọ, ṣùgbọ́n ìtàn tí ó kan gbogbo òbí tí ń san owó ilé-ẹ̀kọ́ lónìí ni.

Orúkọ tí a ń pe ilé-ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ ní èdè wa kò fara sin. Jẹ́lé-ó-sinmi ni, èyíinì ni pé, jẹ́ kí ilé ó sinmi. Ẹni tí ó bá ti bá ọmọ ọdún 3 gbé rí mọ̀ pé orúkọ náà bá a mu. Ọmọ náà a da omi nù, a bu eérú sínú ẹ̀kọ, a tú ẹrù ìyá rẹ̀ palẹ̀, a sì bi baba rẹ̀ ní ìbéèrè títí ẹnu yóò fi rẹ̀ ẹ́. Nígbà tí ó bá jáde, ilé sinmi ní tòótọ́. Ṣùgbọ́n ohun tí ó yẹ kí a bi ara wa ni èyí: nígbà tí ilé bá ń sinmi, kí ni ọwọ́ ọmọ náà ń ṣe ní ibi tí a rán an lọ? Ọwọ́ tí ń da omi, tí ń tú ẹrù, ṣé wọ́n fún un ní iṣẹ́ ni, àbí wọ́n ní kí òun náà lọ sinmi?

NÍ ILÉ ÀWỌN BABA WA

Kí ìwé tó dé ilẹ̀ yìí, a kò kọ́ ilé kan ní pàtó fún ẹ̀kọ́ ọmọ ọdún 3 tàbí 4. Agbo ilé ni ilé-ẹ̀kọ́ wọn. Àwọn àgbà máa ń wí pé kékeré ni ìmàle ti ń kọ́ ọmọ rẹ̀ lóṣòó. Bí a bá wo òwe náà dáadáa, a ó rí i pé kì í ṣe ẹnu ni a fi ń kọ́ni lóṣòó. Baba lóṣòó, ọmọ lóṣòó tì í, orúnkún rẹ̀ sì kọ́ ohun tí etí nìkan kò lè kọ́.

Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni gbogbo ẹ̀kọ́ ilé rí. Àgbẹ̀ a ní kí alágbẹ̀dẹ rọ ọkọ́ kékeré fún ọmọ òun. Ìyá a wá akèrègbè tí kò ju agbára ọmọ rẹ̀ lọ, kí òun náà lè bá àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ sí odò. Amọ̀kòkò a bu amọ̀ ẹ̀kúnwọ́ kan fún ọmọ tí ó jókòó tì í, ọmọ onílù a sì gbé ìlù kékeré kọ́ apá. Nígbà tí a bá ní kí ọmọ ọdún 4 ṣa òkúta kúrò nínú ẹ̀wà, ojú rẹ̀ ń kọ́ ìyàtọ̀, ọwọ́ rẹ̀ sì ń kọ́ sùúrù.

Eré wọn pẹ̀lú kò ṣófo. Wọ́n ń fi iyanrìn kọ́lé, wọ́n ń fi amọ̀ mọ ẹran àti ènìyàn, wọ́n ń ta òkòtó, àwọn ọmọbìnrin a sì pọn ọmọlangidi sẹ́yìn bí ìyá wọn ti ń pọn ọmọ. Bí wọ́n bá dàgbà díẹ̀, wọn a gbẹ́ ihò ayò sílẹ̀: ihò 12, ọmọ ayò 4 nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, gbogbo rẹ̀ jẹ́ 48. Kí ọmọ tó mọ bí a ti ń kọ iye wọ̀nyí, ọwọ́ rẹ̀ ti pín wọn, ó ti kà wọ́n, ó sì ti mọ̀ nígbà tí ẹnìkejì bá fẹ́ rẹ́ ẹ jẹ.

A kò ní sọ pé ohun gbogbo ni ó dára nígbà náà. Ọmọ alágbẹ̀dẹ kì í sábà mọ̀ ju iṣẹ́ alágbẹ̀dẹ lọ, kò sì sí ẹni tí ó kọ́ ọ ní ìwé. Ìbéèrè ọmọdé a sì máa bí àgbà nínú nígbà mìíràn. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí àwọn baba wa mọ̀ dájú: ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò sì wọ kèrègbè. Wọn kò wo ọwọ́ kékeré bí ọwọ́ tí kò wúlò. Wọ́n wá iṣẹ́ tí ó bá a mu fún un.

ỌGBÀ ÀWỌN ỌMỌDÉ NÍ JÁMÁNÌ

Ní ilẹ̀ òyìnbó, ó pẹ́ kí àwọn tí ń ṣe ètò ilé-ìwé tó gba ọ̀rọ̀ ọwọ́ yìí gbọ́. Àkọ́sórí àti pàṣán ni ọ̀pọ̀ wọn gbójú lé. Ọ̀kan nínú àwọn tí ó ṣe iṣẹ́ ńlá láti yí èyí padà ni Johann Heinrich Pestalozzi, ọmọ ìlú Zürich ní Switzerland, tí a bí ní ọdún 1746. Lẹ́yìn tí àwọn ọmọ-ogun Faransé ti ba agbègbè Stans jẹ́ ní ọdún 1798, ó kó àwọn ọmọ aláìlóbìí jọ níbẹ̀, ó ń bọ́ wọn, ó sì ń kọ́ wọn. Ẹ̀kọ́ rẹ̀ ni pé orí, ọkàn àti ọwọ́ gbọdọ̀ jùmọ̀ kẹ́kọ̀ọ́, àti pé kí ọmọ rí ohun kan, kí ó sì fọwọ́ kàn án, kí a tó máa da ọ̀rọ̀ nípa rẹ̀ sí i létí.

Láti ọdún 1808 sí 1810, ará Jámánì kan, Friedrich Froebel, wà ní ọ̀dọ̀ Pestalozzi ní Yverdon. A bí Froebel ní ọdún 1782, ìyá rẹ̀ sì kú nígbà tí kò tíì pé ọmọ ọdún kan. Bóyá èyí ni ó jẹ́ kí ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ ká a lára tó bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 1837, ó dá ilé kan sílẹ̀ fún wọn ní Bad Blankenburg. Nígbà tí ó di ọdún 1840, ó sọ ọ́ ní Kindergarten, ìtumọ̀ èyí tí í ṣe ọgbà àwọn ọmọdé. Ẹ kíyè sí bí orúkọ tirẹ̀ ti yàtọ̀ sí tiwa. Àwa ń wo ilé tí yóò sinmi. Òun ń wo ọmọ tí ń hù.

Àwọn ohun tí ó fi lé wọn lọ́wọ́ ni ó pè ní ẹ̀bùn. Ẹ̀bùn kìn-ín-ní ni bọ́ọ̀lù òwú 6, aláwọ̀ oríṣiríṣi. Ẹ̀bùn kejì ni igi mẹ́ta: ọ̀kan róbótó bí ọsàn, ọ̀kan onígun tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà dọ́gba, ọ̀kan sì rí bí agolo. Ẹ̀bùn kẹta ni igi onígun kan tí a gé sí ọ̀nà 8, tí ọmọ lè tú palẹ̀, kí ó sì tún tò padà. Nínú títú àti títò yìí ni ọmọ ti ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ mọ̀ pé odidi lè di ìdajì, pé ìdajì lè di ìdá mẹ́rin, àti pé gbogbo rẹ̀ tún lè di odidi. Lẹ́yìn èyí ni bébà híhun, ìlẹ̀kẹ̀ sísín, amọ̀ mímọ àti ọgbà ríro.

Iṣẹ́ rere kì í ṣàì ní alátakò. Ní ọdún 1851, ìjọba Prussia fi òfin de Kindergarten, wọ́n ní ẹ̀kọ́ aláìgbọlọ́rungbọ́ ni. Wọ́n sì ṣi Froebel mú fún Karl, ọmọ arákùnrin rẹ̀, tí ìwé rẹ̀ kò dùn mọ́ wọn nínú. Froebel kú ní ọdún 1852, ọdún 1860 ni wọ́n sì tó mú òfin náà kúrò. Ṣùgbọ́n àwọn obìnrin tí ó gba ẹ̀kọ́ rẹ̀ ti gbé iṣẹ́ náà sọdá òkun. Bertha Ronge àti ọkọ rẹ̀ ṣí ọ̀kan ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1851. Àbúrò rẹ̀ obìnrin, Margarethe Schurz, ṣí ọ̀kan ní Watertown ní Amẹ́ríkà ní 1856. Ní 1873, Susan Blow bẹ̀rẹ̀ èyí tí ó wà nínú ilé-ìwé ìjọba ní St. Louis.

Bí ẹnìkan bá bèèrè èrè tí ó wà nínú fífi igi ṣeré, kí ó gbọ́ ti Frank Lloyd Wright, ọ̀kan nínú àwọn ayàwòrán ilé tí òkìkí wọn kàn jù lọ ní Amẹ́ríkà. Ìyá rẹ̀ rí àwọn igi Froebel ní ibi ìpàtẹ ńlá tí a ṣe ní Philadelphia ní 1876, ó sì rà wọ́n fún un. Nígbà tí Wright di arúgbó, ó ṣì ń sọ pé ìka òun kò tíì gbàgbé àwọn igi náà.

ILÉ TÍ Ó FẸ́ SINMI NÍ RÓÒMÙ

Ní San Lorenzo, àdúgbò àwọn tálákà ní Róòmù, àwọn onílé kan tún ilé ńlá ṣe, wọ́n sì kó ọ̀pọ̀ ìdílé sínú rẹ̀. Bí àwọn òbí bá ti lọ sí ibi iṣẹ́, àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ a máa sáré lórí àtẹ̀gùn, wọn a sì máa ba ògiri jẹ́. Àwọn onílé rò ó pé yóò sàn kí a wá ẹni tí yóò kó wọn jọ sínú iyàrá kan. Èrò jẹ́lé-ó-sinmi gan-an ni èyí, kò sí ohun mìíràn nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n ké sí ni Maria Montessori, obìnrin tí ó ti gba oyè dókítà ní Yunifásítì Róòmù ní ọdún 1896. Ní ọjọ́ 6, oṣù kìn-ín-ní, ọdún 1907, ó ṣí ibi tí a pè ní Casa dei Bambini, èyíinì ni Ilé Àwọn Ọmọdé.

Montessori ti kọ́kọ́ ṣiṣẹ́ láàrin àwọn ọmọ tí òye wọn kò jí tó ti ẹgbẹ́ wọn, ó sì ti lo àwọn ohun èlò tí Séguin, dókítà ará Faransé kan, fi sílẹ̀. Ó mú irú ohun èlò bẹ́ẹ̀ wá sí San Lorenzo. Ó ṣe tábìlì àti àga tí ọmọdé lè gbé. Ó fún wọn ní ìgbálẹ̀ kékeré, omi tí wọn yóò máa dà láti inú ife kan sí òmíràn, àti aṣọ tí wọn yóò máa fi kọ́ bọ́tìnì dídè. Ó fún wọn ní igi onígun 10 láti tò léra: èyí tí ó kéré jù jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 1, èyí tí ó tóbi jù jẹ́ 10. Ó gé lẹ́tà láti inú bébà líle tí àwọn káfíńtà fi ń ha pákó kí ó lè dán. Ọmọ a fi ìka tọ ipa lẹ́tà náà, a sì pe ohùn rẹ̀. Kò pẹ́ tí àwọn ọmọ ọdún 4 àti 5 fi bẹ̀rẹ̀ sí í kọ̀wé, tí ẹnikẹ́ni kò nà wọ́n. Nígbà tí wọ́n ní ohun tí ọwọ́ wọn ń ṣe, wọ́n jókòó jẹ́ẹ́ fúnra wọn, ilé àwọn onílé náà sì sinmi.

Láti ọdún 1939 sí 1946, Montessori ń kọ́ àwọn olùkọ́ ní Íńdíà. Ó sì kú ní ilẹ̀ Họ́láńdì ní ọdún 1952.

IṢẸ́ TÍ ÌLÚ FI ỌWỌ́ ARA RẸ̀ ṢE

Ẹ̀yin ọmọ wa tí ẹ wà ní ìhà gúúsù Lọ́ńdọ̀nù, ẹ̀rí kan wà nítòsí yín. Ní Deptford, tí kò jìnnà sí Peckham níbi tí àwọn ọmọ Yorùbá pọ̀ sí, Rachel àti Margaret McMillan, tẹ̀gbọ́n tàbúrò, ṣí ilé-ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ sí inú ọgbà gbangba ní ọdún 1914, fún àwọn ọmọ tálákà tí àìsàn ń dà láàmú. Ewéko, omi, iyanrìn àti afẹ́fẹ́ ni ìwé wọn. Nígbà tí Rachel kú ní 1917, a fi orúkọ rẹ̀ pe ilé-ẹ̀kọ́ náà.

Ìtàn kejì ni ó yẹ kí gbogbo ẹgbẹ́ ìlú fi ṣe àríkọ́gbọ́n. Ní ọdún 1945, bí ogun ti parí ní Ítálì, àwọn ará abúlé Villa Cella, lẹ́bàá ìlú Reggio Emilia, rí ọkọ̀ ogun onírin kan, ọkọ̀ akẹ́rù díẹ̀ àti ẹṣin díẹ̀ tí àwọn ọmọ-ogun Jámánì fi sílẹ̀ sá lọ. Wọ́n tà wọ́n. Wọn kò pín owó náà, bẹ́ẹ̀ ni wọn kò fi ṣe àjọ̀dún. Ilé-ẹ̀kọ́ ọmọ wẹ́wẹ́ ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́, tọkùnrin tobìnrin wọn sì ń ṣa bíríkì láti inú àwókù ilé. Olùkọ́ ọ̀dọ́ kan, Loris Malaguzzi, gbọ́ ìròyìn náà, ó gun kẹ̀kẹ́ lọ wò ó, kò sì fi iṣẹ́ àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ sílẹ̀ mọ́ títí ó fi kú ní 1994. Ní ọdún 1963, ìgbìmọ̀ ìlú Reggio Emilia bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí irú ilé-ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ fúnra rẹ̀. Amọ̀, okùn, ewé, ìmọ́lẹ̀ àti òjìji ni àwọn ọmọ fi ń kẹ́kọ̀ọ́ níbẹ̀, àwọn olùkọ́ sì ń ti ibi gbogbo ní ayé wá wò wọ́n.

NÍ ILẸ̀ TIWA

Ní ọdún 1843, de Graft àti ìyàwó rẹ̀, àwọn ará Ìjọ Mẹ́tọ́díìsì, dá ilé-ìwé sílẹ̀ ní Àgbádárìgì. Láti ìgbà náà ni ìwé ti ń tàn kálẹ̀ ní ilẹ̀ yìí, oore rẹ̀ kò sì ṣe é kà tán. Nítorí pé ọ̀pọ̀ òbí kò kọ ọjọ́ ìbí ọmọ sílẹ̀, ọwọ́ ni a fi ń mọ ẹni tí ó tó wọ ilé-ìwé: ọmọ a gbé ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ kọjá lórí, bí ó bá kan etí òsì, ó yege. Ohun ìyanu ni pé ọwọ́ ni ó jẹ́rìí fún ọmọ, ṣùgbọ́n bí ó bá ti wọlé tán, wọn a ní kí ó ká ọwọ́ náà sí àyà, kí ó máa fi ẹnu tẹ̀lé olùkọ́. A kò gbàgbé ẹ̀rún igi àti ìdérí ìgò tí a fi ń ka iye, bẹ́ẹ̀ ni a kò gbàgbé ọjọ́ iṣẹ́ ọwọ́ tí a ń hun apẹ̀rẹ̀. Àwọn ibi tí ọwọ́ ti rí iṣẹ́ ṣe nìyẹn, wọn kò sì pọ̀.

Ní ọjọ́ 17, oṣù kìn-ín-ní, ọdún 1955, ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn lábẹ́ Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́. Iye ọmọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tí ó jẹ́ 456,600 ní 1954 di 811,432 ní 1955. Ilẹ̀kùn ṣí fún ọmọ ọdún 6, ṣùgbọ́n ọmọ ọdún 3, 4 àti 5 ṣì wà ní ẹ̀yìn ìyá rẹ̀. Ní ọdún 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò tí wọ́n fi èdè Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní gbogbo ẹ̀kọ́ fún ọdún 6 gbáko. Àwọn ọmọ náà kò rẹ̀yìn nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n sì ta àwọn ẹgbẹ́ wọn yọ nínú ẹ̀kọ́ mìíràn.

Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ gbé ìlànà ẹ̀kọ́ jáde ní 1977, ó wí pé eré ni kí a fi máa kọ́ àwọn ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi, kí èdè abínibí wọn sì jẹ́ èdè ẹ̀kọ́ wọn; ṣùgbọ́n ó fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ fún àwọn aládàáni. Òfin ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ ti ọdún 2004 ni ó ka ìtọ́jú àti ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ mọ́ ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀.

Ìlànà dára, ṣùgbọ́n ẹ wọ inú ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ jẹ́lé-ó-sinmi ní àwọn ìlú wa. Ẹ ó rí ọmọ ọdún 3 lórí bẹ́ǹṣì, pẹ́ńsù lọ́wọ́, tí ó ń da lẹ́tà kọ láti ara pátákó, ní èdè tí ìyá rẹ̀ kò fi bá a sọ̀rọ̀ rí. Wọ́n á tún fún un ní iṣẹ́ àṣetiléwá. Iyanrìn wà níta, amọ̀ wà ní etí odò, kò sì sí ẹni tí ó fi wọ́n kọ́ ọ ní ohunkóhun.

ÈSÌ FÚN ÀWỌN ÒBÍ

A mọ ohun tí àwọn òbí kan yóò wí: “Eré kọ́ ni a san owó fún.” Ọ̀rọ̀ náà kò burú, nítorí pé làálàá ni a fi ń rí owó. Ṣùgbọ́n ọwọ́ tí kò po amọ̀ rí, kíá ni pẹ́ńsù yóò rẹ̀ ẹ́. Ọmọ tí kò tíì fi ọwọ́ kó ohun 5 jọ, orúkọ lásán ni “márùn-ún” jẹ́ lẹ́nu rẹ̀.

Ẹ̀rí sì wà. Ní ọdún 1962, ní ìlú Ypsilanti ní Amẹ́ríkà, David Weikart àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò Perry fún àwọn ọmọ tálákà aláwọ̀ dúdú. Wọ́n yan ọmọ 123: 58 wọ ilé-ẹ̀kọ́ náà, 65 kò wọ̀ ọ́. Ní ojoojúmọ́, ọmọ a sọ ohun tí ó fẹ́ ṣe, a fi ọwọ́ ṣe é, a sì ròyìn ohun tí ó ṣe. Olùkọ́ a sì máa bẹ ìyá wò nílé lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀. Wọ́n tẹ̀lé àwọn ọmọ náà títí wọ́n fi di ẹni ogójì ọdún. Nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tí ó wọ̀ ọ́, 77 ni ó parí ilé-ìwé sẹ́kọ́ńdírì. Nínú àwọn tí kò wọ̀ ọ́, 60 ni. Àwọn tí ọlọ́pàá ti mú nígbà márùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ jẹ́ 36 nínú ọgọ́rùn-ún ní apá kìn-ín-ní, 55 ní apá kejì. Eré tí a fi òye darí kì í ṣe ìfàkókòṣòfò.

OHUN TÍ Ó KÙ KÍ A ṢE

A kò bèèrè fún ilé alájà. Lákọ̀ọ́kọ́, kí gbogbo ilé-ẹ̀kọ́ jẹ́lé-ó-sinmi ní ìlú wa ní àyè iyanrìn, àyè omi, amọ̀ àti ebè kékeré kan tí àwọn ọmọ yóò fi gbin ewédú tàbí àgbàdo. Ọmọ ayò, ìdérí ìgò àti èépá àgbọn kò wọ́n wa. Ṣùgbọ́n kí a má ṣe fi ohun wẹ́wẹ́ tí ó lè há ọmọ lọ́fun sílẹ̀ fún ẹni tí kò tíì pé ọdún 3, kí àgbàlagbà sì máa wà nítòsí omi nígbà gbogbo.

Lẹ́ẹ̀kejì, kí a fi iṣẹ́ lé àwọn káfíńtà wa lọ́wọ́. Igi 10 láti sẹ̀ǹtímítà 1 dé 10, àti igi onígun tí a gé sí 8, kò ju agbára wọn lọ. Kí amọ̀kòkò, ahunṣọ àti ìyá àgbà tí ó mọ àlọ́ pa máa wá sí ilé-ẹ̀kọ́ ní ọjọ́ kan lọ́sẹ̀, kí wọ́n sì fi èdè wa bá àwọn ọmọ sọ̀rọ̀.

Lẹ́ẹ̀kẹta, ẹ̀yin tí ẹ wà lẹ́yìn odi, kí ẹ tó fi àpótí ohun ìṣeré ránṣẹ́, ẹ rò ó wò bóyá owó rẹ̀ lè kọ́ olùkọ́ kan ní iṣẹ́ yìí. Ohun ìṣeré a máa fọ́. Olùkọ́ tí ó gbọ́n yóò kọ́ ọ̀pọ̀ ọmọ kí ó tó fẹ̀yìn tì. Ẹ sì jẹ́ kí ọmọ tiyín ní òkè òkun bá yín ṣa ẹ̀wà, kí ó bá yín po ẹ̀bà, kí ó máa ka iye ní Yorùbá bí ó ti ń ṣe é.

Àwọn ará Villa Cella jáde láti inú ogun láìní ohunkóhun ju àwókù ilé àti ọkọ̀ ogun kan lọ, ọmọ wẹ́wẹ́ ni wọ́n sì kọ́kọ́ rántí. Àwa kò jagun, ilé wa kò wó. Láti kékeré ni a ti ń pẹ̀ka ìrókò. Bí ó bá dàgbà tán, ẹbọ ni í gbà. Kí ilé sinmi, kò burú. Ṣùgbọ́n kí ọwọ́ ọmọ wa rí iṣẹ́ ṣe. Ìlú wa yóò gbèrú o. Àṣẹ.